Rélì onípákó fún ayùn oníná: ṣé ó tó ti alumíníọ̀mù?

Rélì ni ohun gbọọrọ tí ayùn máa ń fara tì kó lè gé tààrà. Fún kọ́bọ́ọ̀dù, wọ́dúróòbù àti ilẹ̀kùn, onípákó tó. Rélì tí káfíńtà fi àjẹkù plywood kàn fún sákúlà rẹ̀ (ayùn oníná tí bíléèdì rẹ̀ rí rìbìtì) máa ń gé pákó gún régé, etí ìgé á sì mọ́ bí èyí tó ti ilé iṣẹ́ wá. Àbùkù rẹ̀ tó tóbi jù ni pé ayùn kan ṣoṣo àti bíléèdì kan ṣoṣo ló mọ̀.

Rélì alumíníọ̀mù ní tirẹ̀ kì í wú, kì í sì í tẹ̀ bí òjò bá dé. Ṣùgbọ́n èyí tó wọ́pọ̀ lára ti Makita àti Festool, àwọn ilé iṣẹ́ tó ń ṣe ayùn, gùn ní mílímítà 1400. Odindi plywood fẹ̀ ní 1220, nítorí náà 180 péré ló kù fún orí àti ìdí rélì. Bí ẹ bá fẹ́ la gígùn 2440, méjì lẹ ó so pọ̀. Ọ̀pọ̀ ayùn lásán kì í sì í jókòó sórí rẹ̀ dáadáa láìra ohun ìsopọ̀ mìíràn.

Onípákó kò ju pákó méjì lọ: plywood 6 mílímítà nísàlẹ̀, ọ̀já plywood 12 mílímítà lórí rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ògiri tí ayùn á máa fara tì. Ẹ yọ ayùn kúrò lára iná, kẹ́ ẹ wọn àlàfo láti eyín bíléèdì dé etí àtẹ́lẹsẹ̀ ayùn (irin pẹlẹbẹ tó fi ń jókòó lórí pákó) lápá mọ́tò. Ká ní ó jẹ́ ínṣì 5: ẹ ro ínṣì 3 fún ògiri mọ́ ọn, 4 fún ẹ̀yìn ògiri, àti ààbọ̀ tí ayùn á gé dànù. Pákó ìsàlẹ̀ á fẹ̀ ní ínṣì 12½. Ẹ má ṣahun lórí 4 yẹn o, ibẹ̀ ni kíláǹpù, irin tó ń di rélì mọ́ pákó, ń jókòó sí. Bí kò bá sí àyè, mọ́tò á lọ gbá kíláǹpù nígbà tí ìgé bá dé àárín. Fún gígé ìbú, kí rélì gùn tó ẹsẹ̀ 5, kí ayùn lè ti fara ti ògiri kí bíléèdì tó kan pákó.

Àwọn kan máa ń lo 18 mílímítà fún ògiri. Kò dáa. Bí bíléèdì bá ṣe ń wọlẹ̀ sí i ni mọ́tò ń sún mọ́ pákó, ikùn rẹ̀ á wá máa ha orí ògiri.

Etí tí ilé iṣẹ́ gé ni kẹ́ ẹ lò fún ojú ògiri, ṣùgbọ́n ẹ yẹ̀ ẹ́ wò. Etí plywood máa ń forí gbá nǹkan nínú ọkọ̀. Ẹ fi í fa ìlà, ẹ dojú rẹ̀ dé sí òdìkejì ìlà náà, kẹ́ ẹ tún fà á. Bí ìlà méjèèjì bá yà síra láàárín, ìdajì àlàfo yẹn ni igi náà fi tẹ̀.

Ẹ fi gọ́ọ̀mù funfun lẹ̀ wọ́n pọ̀, kẹ́ ẹ de súkúrúù láti ìsàlẹ̀, kó má gùn ju mílímítà 16 lọ, kí orí rẹ̀ sì rì wọ inú pákó. Ẹ nu gọ́ọ̀mù tó bá sun jáde ní kọ̀rọ̀ ògiri kó tó gbẹ. Ẹyọ kan bí hóró ìrẹsì tó bá gbẹ síbẹ̀ á ti ayùn sẹ́gbẹ̀ẹ́, gbogbo pákó tẹ́ ẹ bá gé ló sì máa hàn lára rẹ̀.

Nígbà tó bá gbẹ di ọjọ́ kejì, ìgé àkọ́kọ́ ló kàn, òun gan-an ló ń sọ ọ́ di rélì. Ẹ fi kíláǹpù dè é mọ́lẹ̀, ẹ fara ayùn ti ògiri, kẹ́ ẹ tì í lọ láìdúró títí dé ìparí. Ibi tí bíléèdì bá gé pákó ìsàlẹ̀ dé ni yóò máa gbà títí ayé. Láti ìsinsìnyí, ẹ kàn gbé etí yẹn lé ojú ìlà pẹ́ńsù. Apá pákó tẹ́ ẹ fẹ́ lò ni kí rélì tẹ̀ mọ́lẹ̀. Etí rẹ̀ á di ojú pákó mú, kò ní fọ́n. Apá kejì ṣì máa fọ́n díẹ̀, àfi tẹ́ ẹ bá lẹ tépù mọ́ ọn, tàbí kẹ́ ẹ lo bíléèdì eléyín 40 sókè dípò 24 tó sábà máa ń bá ayùn wá.

Bí etí ìgé bá jóná, ẹ má tíì bú rélì. Ẹ tún yọ iná, ẹ sàmì sí eyín kan, ẹ wọn ọ̀nà tó jìn sí etí àtẹ́lẹsẹ̀ níwájú, ẹ yí eyín yẹn kan náà sẹ́yìn, kẹ́ ẹ tún wọ̀n ọ́n. Bí iye méjèèjì kò bá dọ́gba, ayùn ló ń rìn ní ẹ̀gbẹ́.

MDF, pákó tí wọ́n fi lẹ́búlẹ́bú igi àti gọ́ọ̀mù tẹ̀ pọ̀, rọrùn ju plywood lọ láti rí, ó sì tẹ́jú, ṣùgbọ́n ọ̀rinrin ọdún kan péré ti tó láti mú etí rẹ̀ wú. Ẹni tó bá máa lò ó gbọ́dọ̀ fi fáníìṣì kùn ún yíká. Ẹ má fi rélì ti ògiri ilé, ó máa tẹ̀ ni. Ẹ lu ihò sí i lórí, kẹ́ ẹ fi ìṣó gbé e kọ́.

Bíléèdì tó nípọn jù ti tẹ́lẹ̀ lọ á jẹ etí rélì, èyí tó tín-ín-rín á fi àlàfo sílẹ̀. Ẹ kàn òmíràn fún un, àti fún gígé dídagun ní dígírì 45, kẹ́ ẹ kọ orúkọ ayùn àti bíléèdì sára ọ̀kọ̀ọ̀kan.