Dọ́kúmẹ́ńtárì ìtàn ọlọ́pọ̀ wákàtí: èwo ló tó owó yín, báwo sì ni kí ẹ ṣe rà á l'Óṣogbo?

Kí ẹ tó béèrè iye tí wọ́n ń ta dọ́kúmẹ́ńtárì ìtàn, ẹ kọ́kọ́ béèrè ohun tó fi ń jẹ́rìí. Ẹ wo ogun Òṣogbo tí àwọn ará Ìbàdàn ti dá ogun Ìlọrin padà: nǹkan bí ọdún 1840 ló wáyé, ọdún 1839 ni wọ́n sì ṣẹ̀ṣẹ̀ fi iṣẹ́ kámẹ́rà han aráyé ní ilẹ̀ Faransé. Fíìmù yòówù tó bá gbé "fọ́tò" ogun náà síwájú yín, irọ́ ló ń pa. Oríkì, ìtàn ẹnu àwọn àgbà, ìwé tí àwọn tó gbọ́ ọ kọ sílẹ̀ àti ilẹ̀ ibi tí wọ́n ti jà ni olóòótọ́ máa ní lọ́wọ́. Bó ṣe máa to wọ́n pọ̀ láìjẹ́ kí a sùn lọ ni iṣẹ́ rẹ̀. Ẹni tó ní ìṣẹ́jú 50 péré á sáré sọ ẹni tó ṣẹ́gun, á sì fo ẹni tó ń dáná fún àwọn jagunjagun. Ìdí nìyẹn tí àwọn kan fi ń jókòó ti èyí tó gùn.

Ẹ̀rí wo ni wọ́n gbé wá?

The World at War, ti iléeṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n Thames ní ìlú Ọba, dá lórí Ogun Àgbáyé Kejì, ó sì jáde ní 1973. Apá 26 ni, gbogbo rẹ̀ sì tó wákàtí 22 àti ààbọ̀. Agbára rẹ̀ ni pé àwọn tó wà níbẹ̀ ṣì wà láyé, ọpọlọ wọn sì ṣì pé. Albert Speer tó jẹ́ mínísítà Hitler jókòó síwájú kámẹ́rà, bẹ́ẹ̀ náà ni Traudl Junge tó jẹ́ akọ̀wé rẹ̀, àti àwọn sójà lásán pẹ̀lú àwọn ìyàwó ilé. Kò sẹ́ni tó tún lè ṣe irú rẹ̀ mọ́. Àbùkù rẹ̀ ni pé ọdún 1974 ni àṣírí bí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ṣe ń ka ọ̀rọ̀ ìkọ̀kọ̀ àwọn ará Jámánì ṣẹ̀ṣẹ̀ tú fáyé, nítorí náà ẹ má wá a níbẹ̀. Tó bá sì jẹ́ pé nítorí bàbá àgbà yín tó lọ sógun Bọ́mà lẹ fẹ́ rà á, ẹ mọ̀ pé apá kan ṣoṣo, ìkẹrìnlá, ló dá lórí ogun Bọ́mà nínú gbogbo 26.

Èyí tó kàn ni The Civil War ti Ken Burns (1990, apá 9, nǹkan bí wákàtí 11). Ogun abẹ́lé Amẹ́ríkà, 1861 sí 1865, kò ní fíìmù tó ń rìn rárá, fọ́tò, lẹ́tà àti irú wọn ló wà. Kámẹ́rà á rọra rìn lórí fọ́tò kan, ohùn kan á máa ka lẹ́tà tí sójà kọ sí aya rẹ̀. Ẹni tó bá ń ronú àtiṣe fíìmù lórí ogun Kírìjì, 1877 sí 1893, èyí ni kó kọ́ iṣẹ́ lára rẹ̀. Àmọ́ ẹni tí kì í fara balẹ̀ á ní fọ́tò lásán lòun ń wò.

Shoah (1985) lé ní wákàtí mẹ́sàn-án, ó sì yàtọ̀ pátápátá: kò lo àwòrán àtijọ́ ẹyọ kan. Ẹlẹ́rìí ni olùdarí fíìmù náà ń mú padà sí ibi tí ìpakúpa àwọn Júù ti ṣẹlẹ̀, á sì dúró títí ọ̀rọ̀ á fi jáde lẹ́nu rẹ̀. Ó wúwo lọ́kàn. Èdè púpọ̀ ló wà nínú rẹ̀, ọ̀rọ̀ tó ń kọjá nísàlẹ̀ àwòrán lẹ ó máa kà, nítorí náà kì í ṣe fún ẹni tí ojú ń dùn tàbí tí kì í yára kàwé.

Ní ti ilẹ̀ wa, méjì ni kí ẹ gbé sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn: Africa ti Basil Davidson (1984, apá 8, kò pé wákàtí mẹ́jọ) àti The Africans ti Ali Mazrui (1986, apá 9). Davidson, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, rìn káàkiri, títí dé ààfin ọba Kano, láti fi hàn pé Áfíríkà ní ìjọba kí òyìnbó tó dé. Ohùn rẹ̀ tutù, ọmọ ilé-ìwé girama á lóye rẹ̀. Mazrui, ọmọ Kẹ́ńyà, kò rọra rárá: àríyànjiyàn ló gbé wá. Ó ní ogún mẹ́ta ló pàdé nínú wa, ti àwọn baba wa, ti Ìsìláàmù àti ti Yúróòpù. Olórí àjọ ìjọba Amẹ́ríkà kan tó fowó sí i bínú sí ohun tó sọ débi pé ó ní kí wọ́n yọ orúkọ àjọ òun kúrò lára rẹ̀. L'Óṣogbo níbí, níbi tí Alhaja, díákónì àti olórìṣà ti lè jẹ ẹran iléyá kan náà nínú agboolé kan, ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò ní ṣòroó gbà. Tó bá jẹ́ èmi ni mo ní owó ọ̀kan, Davidson ni màá kọ́kọ́ rà fún ilé tó ní ọmọ, Mazrui á tẹ̀ lé e kí àgbà lè rí ohun jiyàn lé lórí.

Àwo, dátà tàbí fílaàṣì?

Àwo DVD lásán gba 4.7GB, nǹkan bí wákàtí méjì tí àwòrán rẹ̀ mọ́. Ẹ fi ṣírò: wákàtí 22 àti ààbọ̀ gbọ́dọ̀ tó àwo bíi 11, tàbí nǹkan bí ìdajì bẹ́ẹ̀ tó bá jẹ́ àwo onípele méjì ti 8.5GB. Bóyá ọjà Olúọdẹ ni o tàbí ọjà Ìgbọ̀nà, tí ẹnì kan bá fi gbogbo rẹ̀ lọ̀ yín lórí àwo kan ṣoṣo, ẹ mọ̀ pé ayédèrú ni, wọ́n sì ti fún un pa. Ojú ènìyàn á dà bí ògì. Ẹ yẹ nọ́ńbà agbègbè lẹ́yìn páálí wò: 1 ni ti Amẹ́ríkà, 2 ni ti ìlú Ọba, 5 ni tiwa. Ẹ̀rọ tó gba gbogbo agbègbè kò ní bá a jà, èyí tí kò bá gbà á á kọ̀ ọ́. Àwo Amẹ́ríkà, tí í ṣe NTSC (ìlànà àwòrán tiwọn), lè jáde ní dúdú àti funfun lórí tẹlifíṣọ̀n àtijọ́ tó mọ PAL (ìlànà tiwa) nìkan.

Fún The World at War, ẹ ṣọ́ra fún àwo Blu-ray ti 2010. Wọ́n gé òkè àti ìsàlẹ̀ àwòrán kúrò kó lè kún tẹlifíṣọ̀n fífẹ̀, ẹ ó wá máa rí orí tó gé. Èyí tí wọ́n kọ 4:3, ìyẹn ìrísí tẹlifíṣọ̀n àtijọ́, sí lẹ́yìn ni kí ẹ mú.

Dátà ńkọ́? Netflix, iléeṣẹ́ tó ń fi fíìmù hàn lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, fúnra wọn sọ pé wákàtí kan ń jẹ nǹkan bí 0.3GB tí àwòrán bá kéré, 0.7GB tó bá wà níwọ̀n, ó sì lè tó 3GB tó bá mọ́ gan-an. Wákàtí mẹ́sàn-án wá di 2.7GB, 6.3GB tàbí 27GB. Àwọn fọ́tò àtijọ́ kì í fẹ́ ju ti àárín lọ. Ẹ gbà á sórí fóònù pẹ̀lú dátà òru, àmọ́ ẹ má tọ́jú rẹ̀ pẹ́: àwọn mìíràn á parẹ́ ní wákàtí 48 lẹ́yìn tí ẹ bá ti bẹ̀rẹ̀ sí wò ó. Kí ẹ tó san owó oṣù, ẹ wá orúkọ fíìmù náà níbẹ̀ ná, nítorí ohun tí wọ́n ń fi han ará Amẹ́ríkà lè má sí fún wa, èyí tó sì wà lónìí lè kúrò lọ́la.

Fílaàṣì dára fún ohun tí ẹ rà lọ́nà ẹ̀tọ́, ìkùnà rẹ̀ sì wọ́pọ̀. Tí wọ́n bá fi FAT32 tò ó, fáìlì kan kò lè ju 4GB lọ. Tó bá jẹ́ exFAT, tẹlifíṣọ̀n àtijọ́ lè má rí i rárá. Tí ohùn bá ń sọ̀rọ̀ tí àwòrán kò sí, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ H.265, ọ̀nà kan tí wọ́n fi ń fún fíìmù kéré, tí tẹlifíṣọ̀n yín kò mọ̀ ni. Fáìlì .srt tó ń gbé ọ̀rọ̀ ìsàlẹ̀ gbọ́dọ̀ jẹ́ orúkọ kan náà pẹ̀lú fíìmù.

Ti iná kò le. Tẹlifíṣọ̀n LED oní-ínǹṣì 32 pẹ̀lú ẹ̀rọ DVD ń jẹ nǹkan bíi wáàtì 60. Bátìrì 100Ah tí ẹ kò lò ju ìdajì lọ á gbé wọn fún nǹkan bíi wákàtí mẹ́jọ lórí ínfátà.

Ọyẹ́ ni ọ̀tá àwo. Láti àárín sí etí ni kí ẹ máa nù ún, pẹ̀lú aṣọ rírọ̀, ẹ má nù ún yípo. Láti àárín náà ni ẹ̀rọ ti ń kà á lọ síta, níbi tí ọwọ́ ti máa ń kàn án jù; tó bá jẹ́ onípele méjì, ó sábà máa ń tún yí padà sí àárín. Kí ẹ tó kúrò ní ṣọ́ọ̀bù, ẹ ki àwo mẹ́ta tó wù yín sínú ẹ̀rọ wọn, kí ẹ sì fò lọ sí ìṣẹ́jú mẹ́wàá tó gbẹ̀yìn ọ̀kọ̀ọ̀kan, tàbí sí ìdajì rẹ̀ tó bá jẹ́ àwo onípele méjì.