LS3/5A: Inú Crossover Ni Iṣẹ́ Wà

Ẹni tó bá kọ́kọ́ rí sípíkà LS3/5A lè máa ṣe kàyéfì pé kí ni wọ́n rí lára ohun kékeré yìí tí wọ́n fi ń náwó tó bẹ́ẹ̀ lé e lórí, nítorí gíga àpótí rẹ̀ kò ju nǹkan bí 30 sẹ̀ǹtímítà lọ. Àwọn ẹnjiníà BBC ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ló ṣe é ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1970, kí àwọn òṣìṣẹ́ inú ọkọ̀ ìgbóhùnsáfẹ́fẹ́, níbi tí àyè ti há, lè máa fi ṣe àyẹ̀wò ohùn. Wúfà rẹ̀ (ẹ̀yà tó ń mú ohùn ìsàlẹ̀ jáde), B110, àti tùwítà rẹ̀ (èyí tó ń mú ohùn òkè jáde), T27, kì í ṣe àrà ọ̀tọ̀. Ọjà KEF, ilé-iṣẹ́ sípíkà kan ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ni àwọn méjèèjì. Lójú tèmi, crossover tó so wọ́n pọ̀ gan-an ni a ń sanwó fún.

Crossover ló ń pín ohùn: kapásítọ̀ kì í jẹ́ kí ohùn ìsàlẹ̀ dé ọ̀dọ̀ tùwítà kó má bàa bà á jẹ́, wáyà kíká a sì dí ohùn òkè lọ́nà wúfà. Nǹkan bí 3,000 Hz (ìwọ̀n bí ohùn ṣe ga tó) ni ààlà wọn níbí. Ọ̀pọ̀ sípíkà olówó pọ́ọ́kú kò ní ju kapásítọ̀ kan ṣoṣo lọ, ṣùgbọ́n FL6/23, crossover inú LS3/5A àkọ́kọ́, kún fọ́fọ́, nítorí pé B110 a máa pariwo ju bó ti yẹ lọ ní sàkáání 1,000 Hz, níbi tí ohùn ènìyàn wà gan-an, tí wọ́n sì ní láti fi ẹ̀ka kan sí i tí yóò tẹ ariwo náà rì. Tiransifọ́mà kékeré kan tún wà níbẹ̀ tó ní ojú ìso púpọ̀, kí wọ́n lè mú agbára tùwítà kọ̀ọ̀kan bá ti wúfà mu.

Nígbà tí mo fi gbọ́ àwo àpàlà àtijọ́, ohùn olórin dá dúró gedegbe, ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ kò sì bo ọ̀rọ̀ ẹnu ìlù mọ́lẹ̀. Àgídìgbo ni kò rí tirẹ̀ gbà. Crossover kò lè fún wúfà kékeré ní ohùn ìsàlẹ̀ tí kò ní. Títẹ ariwo rì náà sì ní ohun tó ń náni: kò mú ju nǹkan bí 82.5 dB (ìwọ̀n bí ohùn ṣe ń ké tó) jáde fún wáàtì kan, nítorí náà kì í ṣe sípíkà òde àríyá rárá.

Ẹni tó bá fẹ́ ra àlòkù, kó béèrè bóyá ti 15 ohm (ìwọ̀n bí sípíkà ṣe ń dènà iná) ni tàbí ti 11 ohm tó jáde ní ìparí àwọn ọdún 1980, torí crossover wọn yàtọ̀ síra. Kó tún béèrè bóyá wọ́n ti pààrọ̀ kapásítọ̀ inú rẹ̀. Bó bá jẹ́ pé ọ̀kan ṣoṣo nínú sípíkà méjèèjì ni wọ́n tú, èmi kò ní rà á.