Ohun Ìgbìn Wo Ló Yẹ Kí Ẹ Rà fún Hoya Inú Ilé?

Kí ẹni tó fẹ́ gbin Hoya, ewéko olódòdó tó máa ń gun igi, sínú ilé tó ná kọ́bọ̀ lórí ohun ìgbìn, ó yẹ kó mọ irú ewéko tó ń rà. Èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn ẹ̀yà Hoya kì í gbé inú ilẹ̀. Orí igi ni wọ́n máa ń gùn nínú igbó Éṣíà àti Ọsirélíà, gbòǹgbò wọn a sì dì mọ́ èèpo igi láì mu omi ara igi náà bí àfòmọ́ ti ń ṣe. Òjò a rọ̀ sí gbòǹgbò wọ̀nyẹn, afẹ́fẹ́ a sì tètè gbẹ wọ́n. Nítorí náà, bí omi ṣe ń dúró àti bí afẹ́fẹ́ ṣe ń ráyè wọlé ni kí ẹ fi díwọ̀n ohun ìgbìn kọ̀ọ̀kan.

Iyẹ̀pẹ̀ inú àpò tí wọ́n fi peat, ìyẹn ewéko àbàtà tó ti jẹrà díẹ̀, ṣe ló wọ́pọ̀ jù, òun náà ló sì dínwó jù. Àléébù rẹ̀ ni pé ó kúnná, ó sì ń pa omi mọ́ pẹ́ títí, pàápàá lásìkò òtútù ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, nígbà tí ìmọ́lẹ̀ ojú fèrèsé kò tó nǹkan tí ewéko kì í sì í mu omi púpọ̀. Bí gbòǹgbò bá ti jẹrà nínú rẹ̀, yóò dúdú. Tí ẹ bá fi ìka fà á, awọ rẹ̀ á bọ́ sílẹ̀, á sì ku fọ́nrán tẹ́ẹ́rẹ́ bí òwú. Mi ò gba ẹnikẹ́ni nímọ̀ràn láti lò ó lásán.

Ẹ fi èèpo igi wẹ́wẹ́ àti perlite, ìyẹn òkúta funfun fífúyẹ́ tí iná mú wú, kún un, kí ọ̀kọ̀ọ̀kan fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ìdá kan nínú 3, ọ̀rọ̀ á sì yí padà pátápátá. Omi á gba àárín àdàlù yìí kọjá lójú ẹsẹ̀, á sì ku ọ̀rinrin díẹ̀ sára èèpo igi náà. Òun ni mo fara mọ́ jù fún ẹni tó ń gbin Hoya fún ìgbà àkọ́kọ́, torí kò gba ìmọ̀ àrà ọ̀tọ̀. Ẹ wọ́n omi sí perlite kí ẹ tó dà á, kí eruku rẹ̀ má baà wọ imú yín, kí ẹ sì mọ̀ pé èèpo igi a máa jẹrà lẹ́yìn ọdún bíi mélòó kan, tí yóò sì di dandan láti pààrọ̀ rẹ̀. Èèpo àgbọn tí a gé wẹ́wẹ́ lè rọ́pò rẹ̀, àǹfààní ńlá sì ni èyí fún àwọn tó wà létíkun Nàìjíríà, níbi tí àgbọn kò ti ṣọ̀wọ́n. Kìkì pé iyọ̀ lè wà lára rẹ̀: ẹ rẹ ẹ́ sómi, kí ẹ sì ṣan án lẹ́ẹ̀kan sí i àti lẹ́ẹ̀kan sí i.

Sphagnum, ewéko rírọ̀ tí wọ́n ń kó ní àbàtà ní New Zealand àti Chile, gbówó lórí ju àwọn tí mo ti sọ lọ. Ó dára púpọ̀ fún ẹ̀ka tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ gé tí a fẹ́ kó ta gbòǹgbò. Ṣùgbọ́n tí a bá kì í mọ́lẹ̀ jù, afẹ́fẹ́ kò ní ráyè. Tí ó bá sì gbẹ pátápátá, bí ọyẹ́ ṣe lè sọ ọ́ dà, omi kì í fẹ́ wọ inú rẹ̀ mọ́ àfi tí a bá rẹ ẹ́.

Kóró amọ̀ sísun tí wọ́n ń pè ní LECA yàtọ̀ sí gbogbo ìyókù. Kì í jẹrà, a lè fọ̀ ọ́ kí a tún un lò, omi tí a dá sí ìsàlẹ̀ ìkòkò ló sì ń gòkè díẹ̀díẹ̀ bá gbòǹgbò, èyí tó rọrùn fún ẹni tó máa ń rìnrìn àjò. Àmọ́ kò sí oúnjẹ kankan nínú rẹ̀, nítorí náà owó ajílẹ̀ olómi gbọ́dọ̀ wà nínú ìṣirò yín. Ẹfun funfun tó bá yọ lórí rẹ̀ jẹ́ àmì pé iyọ̀ ajílẹ̀ ti pọ̀ jù, kí ẹ fi omi lásán ṣàn án. Gbòǹgbò tó ti mọ́ iyẹ̀pẹ̀ sì sábà máa ń kú tí a bá kó o wọnú LECA kí òmíràn tó jáde. Ó sàn kí ẹ fi ẹ̀ka tuntun bẹ̀rẹ̀.

Ní ti òdòdó, ẹ má jẹ́ kí òǹtajà kankan sọ fún yín pé àpò òun ló ń mú Hoya tanná. Ìmọ́lẹ̀ ló ń ṣe é: ojú fèrèsé tó kọjú sí ìlà-oòrùn dára, ìkòkò tó fún gbòǹgbò díẹ̀ sì ń ran Hoya carnosa, ọ̀kan lára àwọn ẹ̀yà Hoya, lọ́wọ́. Tí òdòdó bá rẹ̀ dànù, ẹ má gé igi kékeré tó rọ̀ mọ́, torí ibẹ̀ gan-an ni yóò ti tún tanná. Bí ẹ bá sì rí i pé ó ti ń rúdìí, ẹ dá pípààrọ̀ ohun ìgbìn dúró, kí ìrúdìí náà má baà re dànù.

Ọ̀rọ̀ kan kù fún ẹni tí Hoya kerrii, ẹ̀yà tí wọ́n sábà máa ń tà ní ewé kan ṣoṣo tó rí bí ọkàn, bá wù. Ẹ wo ìdí ewé náà kí ẹ tó sanwó: tí kò bá sí oríkèé igi níbẹ̀, ó lè ta gbòǹgbò kó sì wà bẹ́ẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún láì hu ewé kejì, ohun ìgbìn yòówù tí ẹ bá rà fún un.