Ilé Òògùn Kan ní Gáà Àkànbí Tí Wọ́n Ti Ń Bèèrè Kí Wọ́n Tó Tà

Bí ẹ bá ní òbí tó ń lo òògùn ẹ̀jẹ̀ ríru ní Ìlọrin, ilé òògùn yìí ni mo máa júwe fún yín.

Omi ikọ́ la lọ rà. Ikọ́ gbígbẹ tí kò ní kẹ̀lẹ̀bẹ̀ kì í jẹ́ kí ìyá mi sùn, àwọn kẹ́míìsì mìíràn sì ti ta oríṣiríṣi fún wa. Apòògùn ibí, ọmọbìnrin kan, kò tilẹ̀ na ọwọ́ sí àtẹ. Ó kúnlẹ̀ kí wọn, ó gbé àga fún wọn, ó ní, “Ẹ má bínú, Àlàájà, òògùn wo lẹ tún ń lò nílé? Àgbo ńkọ́?”

Bí wọ́n ṣe dárúkọ lisinopril, òògùn ẹ̀jẹ̀ ríru wọn, ó ní ibẹ̀ lọ̀rọ̀ wà. Òògùn náà dára, ṣùgbọ́n ó máa ń mú irú ikọ́ yìí bá àwọn kan, omi ikọ́ ò sì lè lé e lọ. Ó kìlọ̀ gidi pé kí wọ́n má ṣe dá a dúró fúnra wọn. Ó wọn ìfúnpá wọn, ó kọ ìwé sí dókítà, kò sì ta ìgò kankan fún wa. Dókítà yí i sí losartan, òògùn ẹ̀jẹ̀ ríru mìíràn. Láàárín ọ̀sẹ̀ mélòó kan, ikọ́ náà lọ pátápátá. Inú mi dùn débi pé mo padà lọ dúpẹ́.

Òun náà ló rí ibuprofen tí ìyá mi ń lò fún ìrora orúnkún nínú báàgì wọn, tó ní ó lè gbé ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ sókè, ó sì lè pa kíndìnrín lára. Nígbà tí àwẹ̀ dé, ó ní kí wọ́n máa lo amlodipine, òògùn ẹ̀jẹ̀ ríru wọn kejì tó jẹ́ ẹ̀ẹ̀kan lójúmọ́, lẹ́yìn ìṣínu. Aládùúgbò wa tó ní àtọ̀gbẹ bi í bákan náà. Ó ní ìyẹn gbọ́dọ̀ rí dókítà kó tó gbààwẹ̀.

Owó wọn fi díẹ̀ ga ju ti ọjà lọ, wọn kì í sì gbà kéèyàn ná an. Èyí tó dùn mí jù ni pé kò sí yàrá ìkọ̀kọ̀. Iwájú àtẹ lẹ ó ti sọ àìsàn yín, etí ẹlòmíràn á sì máa gbọ́. Ó yẹ kí wọ́n tún ìyẹn ṣe.

Àwọn òògùn tó ní ibi tí a ń họ, wọn á ní kí ẹ fi nọ́ńbà abẹ́ rẹ̀ ránṣẹ́ sí nọ́ńbà tí wọ́n kọ sára páálí, irú bíi 38353, kí ẹ tó sanwó, kí ẹ lè mọ̀ bóyá ayédèrú ni. Bí ẹ bá ń lọ, ẹ kó gbogbo òògùn ilé dání pẹ̀lú páálí wọn, ẹ má sì lọ lọ́sàn-án Jímọ̀, èrò máa ń pọ̀.