₦450,000 di ₦4,500: ohun tí ojú mi rí lọ́wọ́ irinṣẹ́ ìwé owó fún AI

Ibi tó dùn mí jù ni mo ti máa bẹ̀rẹ̀. Ìyá ìyàwó kan ra àdìrẹ ẹlẹ́kọ lọ́wọ́ mi fún aṣọ ẹbí, a sì jọ fẹnu kò sí ₦450,000. Aṣojú AI tó ń bá mi dá oníbàárà lóhùn lórí WhatsApp fi ìwé owó ránṣẹ́ sí i. Kò pẹ́ tí áláàtì fi dún: ₦4,500. Mo ní àsansílẹ̀ ni. Àṣé gbogbo ohun tí ìwé náà bi màmá ló san yẹn! Ìwé owó ní wọ́n ti san tán, aṣojú mi rí i, ó pe dìsípáàṣì. Ọmọ tó wà ní ṣọ́ọ̀bù náà rí i, ó di ẹrù. Kí n tó ti báńkì dé, aṣọ ti kúrò l'Abẹ́òkúta, ó ti ń sún mọ́ Sáńgò. Màmá wá fi ohùn ránṣẹ́: "Olúwa á bù sí i fún yín o. Àwọn kan tún ń sọ pé ọjà yín wọ́n!"

Mi ò ní ṣàlàyé MCP lọ títí: ìlànà tí AI fi ń lo irinṣẹ́ àwọn ilé iṣẹ́ mìíràn ni, Anthropic tó ṣe Claude ló gbé e jáde ní oṣù kọkànlá ọdún 2024, òun náà sì ni aṣojú mi fi ń lo irinṣẹ́ ìwé owó yìí. Ohun tó ṣẹlẹ̀ ni pé kọ́bọ̀ ni ẹ̀rọ ilé iṣẹ́ tó ni irinṣẹ́ náà fi ń ka owó. Irinṣẹ́ wọn, create_invoice, ní àyè kan tó ń jẹ́ amount. Àpèjúwe irinṣẹ́ náà: "Ṣe ìwé owó." Àpèjúwe amount: "Iye." Ó parí. AI kọ 450000, ẹ̀rọ sì pín in sí ọgọ́rùn-ún. AI kì í rí kóòdù tó wà lẹ́yìn irinṣẹ́. Orúkọ irinṣẹ́, àpèjúwe rẹ̀ àti àwọn àyè tó máa kún nìkan ló ń rí. Ẹni tó bá rán ọmọ tuntun lọ sí Ìtòkú pé "lọ ra aṣọ wá", tí kò sọ irú rẹ̀, kò sọ iye ọ̀pá, ṣé ọmọ náà ló jẹ̀bi?

Mo kọ sí àwọn tó ń gbọ́ ẹjọ́ oníbàárà. Ọmọkùnrin kan dá mi lóhùn: "Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ mà, ẹ má bínú." Ó fi líǹkì kan ránṣẹ́, ó ní ó wà nínú ìwé àlàyé, lápá ibi tí wọ́n ti sọ̀rọ̀ owó. Mo ní, "Àbúrò mi, ta ló yẹ kó kà á?" Ó ní, "Ẹ̀yin ni mà." Mo ní, "Ṣé èmi ni mo kọ ìwé owó ni?" Ó dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀, ó wá ní AI mi ni kò gbọ́n tó, kí n pààrọ̀ ẹ̀. Mo pààrọ̀ ẹ̀ lóòótọ́, mo gbé èyí tó wọ́n jù ú lọ síbẹ̀. Òun náà kọ 450000! Nígbà tí mo padà lọ sọ fún un, ó ti pa ẹjọ́ mi dé, ó sì ń bẹ̀ mí pé kí n fún òun ní ìràwọ̀.

Mo fi ìbínú kọ lẹ́tà sí ọ̀gá wọn, mo sì retí ẹ̀bẹ̀ lásán. Ẹni tó pè mí ni ọmọbìnrin tó ń tọ́jú àwọn irinṣẹ́ yẹn gan-an. Ọmọ yẹn mọṣẹ́, ó tún mọ èèyàn í bá sọ̀rọ̀. Kò jà fún ilé iṣẹ́ rẹ̀ rárá. Ó ní, "Mà, ẹ bá mi ka àpèjúwe yẹn sókè, bíi pé ẹ ò gbọ́ orúkọ wa rí." Mo kà á. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní, "Ó ti yé mi." Ojú ẹsẹ̀ ló tún un kọ tó sì ń kà á sí mi létí: "Lo irinṣẹ́ yìí nígbà tí oníbàárà bá ti gbà láti rà, tí iye sì ti dájú. Kọ́bọ̀ ni kó o fi kọ iye, má fi náírà kọ ọ́: ₦450,000 ni 45000000. Tó bá jẹ́ pé oníbàárà kàn ń bèèrè iye ọjà ni, get_quote ni kó o lò." Ó yí amount padà sí amount_kobo. Tẹ́lẹ̀, tí nǹkan bá bàjẹ́, "400", nọ́ńbà àṣìṣe lásán, ni ẹ̀rọ ń dá padà. Ní báyìí, tí iye bá kéré jù, á bi AI bóyá náírà ló fi kọ ọ́. Ó tún yọ send_invoice kúrò, torí iṣẹ́ kan náà ni òun àti create_invoice ń ṣe, AI ò sì mọ èyí tó yẹ kó mú. A dán an wò, AI tó kọ́kọ́ ṣì í gan-an sì kọ ọ́ bó ṣe yẹ. Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ jó.

Láti ìgbà yẹn, ìwé owó mi ò ṣì mọ́. Ọjọ́ ìsinmi gan-an, mo lè wà ní ṣọ́ọ̀ṣì kí owó máa wọlé, kí iye rẹ̀ sì pé.

Àmọ́ ẹ wo àpèjúwe irinṣẹ́ wọn tó ń jẹ́ refund títí di òní: "Dá owó padà." Fún ta? Gbogbo rẹ̀ ni, àbí díẹ̀? Ṣé mo kọ́kọ́ lè fọwọ́ sí i? Mo ti pa á, AI mi ò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn án. Ọmọbìnrin yẹn ní wọn ò tíì gba òun láyè láti dé ibẹ̀. Màmá sì san ìyókù owó rẹ̀, àmọ́ ó yọ ₦20,000 torí ìdààmú. Ilé iṣẹ́ ní àwọn ò lè san án, ó wà nínú àdéhùn.

Ìràwọ̀ méjì nínú márùn-ún. Mo ti san owó ọdún tó ń bọ̀ fún wọn.