Áílándì tí mo fi pákó àjà àtijọ́ kàn: ọyẹ́ méjì ti kọjá lórí rẹ̀

Ọdún kan àti oṣù márùn-ún rèé tí tábìlì yìí ti wà láàárín ilé ìdáná mi ní Táńkẹ̀. Mo mọ̀ọ́mọ̀ dúró kí n tó sọ̀rọ̀ nípa rẹ̀ ni, torí kò sí tábìlì tí kì í dán lọ́jọ́ tí káfíńtà bá gbé e dé.

Áílándì ni àwọn ọmọ mi ń pè é. Nígbà tí mo pè é bẹ́ẹ̀ níwájú káfíńtà, ó rẹ́rìn-ín, ó ní, "Àlàájà, Ìlọrin ò mà lókun o, odò Asà la ní." Ohun tí mo ń fẹ́ ò ju ojú tábìlì gbọọrọ kan lọ, ẹsẹ̀ bàtà 6 ní òró, 3 ní ìbú, tí mo lè rìn yí ká, tí mo lè po fúláwà ṣín-ṣín lórí rẹ̀, tí mo sì lè gbé ajere wàrà lé.

Ọ̀fà ni pákó náà ti wá. Ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì alámọ̀ tí bàbá ìyá mi kọ́ ni ẹbí fẹnu kò pé kí wọ́n wó, òrùlé ti jò kọjá àtúnṣe. Pákó ni wọ́n fi tẹ́ ilẹ̀ òkè rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n ìyá mi ti fẹ́ tà wọ́n fún àwọn tó ń fi igi dáná ìrẹsì ìnáwó kí n tó débẹ̀. Mo bẹ̀ wọ́n, wọ́n fún mi ní 11, mo sì gbé e gba Àjàṣẹ́-Ìpo wá sílé. Owó ọkọ̀ nìkan jẹ́ ₦25,000.

Ibi tí wọ́n ti ń la igi ni mo kọ́kọ́ gbé e lọ. Ẹni tó ni ẹ̀rọ mú òòfà jáde, ó fi wọ́ ojú pákó, òòfà lẹ̀ mọ́ ọn níbi mẹ́rin. Ó ní kí n máa gbé ẹrù mi lọ, pé ìṣó kan péré lè ká eyín ayùn òun dànù. Mi ò bá a jà. Ọ̀dọ̀ káfíńtà tí mo wá gbé e lọ, ọjọ́ mẹ́ta ni àwọn ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ fi fi ẹ̀mú yọ ìṣó, agolo mílíìkì ńlá kan kún fọ́fọ́. Wọ́n gba ₦20,000 fún ìyẹn lọ́tọ̀, iṣẹ́ kíkàn jẹ́ ₦150,000. Nítorí náà, ẹni tó bá rò pé pákó ọ̀fẹ́ á mú tábìlì rọ òun lọ́rùn, kó tún rò ó. Ìṣó ló gbówó yẹn.

Àmọ́ igi náà! Ìgbà tí wọ́n fá ojú rẹ̀ tí dúdú ọjọ́ pípẹ́ kúrò, àwọ̀ tó jáde pọ́n bí oyin. Ìrókò ni gbogbo wọn. Àárín igi wọn le koránkorán, ikán ò rí i gbé ṣe. Apá funfun tó wà létí pákó méjì nìkan ni kòkòrò ti lu, a sì gé ìyẹn kúrò. Eruku rẹ̀ ò dára fún imú o. Ẹni tó ń fá a sín títí ojú rẹ̀ fi wú, ẹ jẹ́ kí àwọn tó bá bá yín ṣe é fi nǹkan bo imú.

Ohun tí mo fi fẹ́ràn pákó àtijọ́ ni pé èyí tí ẹ bá rà ní tuntun, òmíràn lè jẹ́ oṣù tó kọjá ni wọ́n gé e. Omi ṣì wà lára rẹ̀. Inú ilé yín ni yóò ti gbẹ, ibẹ̀ náà ni yóò sì ti ká. Èyí tó ti wà lókè àjà láti ìgbà bàbá àgbà ti ká èyí tó fẹ́ ká tán. Ibi tí èmi àti káfíńtà ti jọ ṣìnà ni pé a rò pé kò ní mira mọ́. Igi kì í ṣíwọ́. Ó ń wú ní ìbú lákòókò òjò, ó sì ń sún kì lákòókò ọyẹ́. Òró rẹ̀ ni kò fi bẹ́ẹ̀ yí padà.

Oṣù Kìíní, lóru, nǹkan dún pàù nílé ìdáná. Mo rò pé olè ni. Nígbà tí mo tan iná, ojú tábìlì ti là láti etí dé nǹkan bí ìdajì, káàdì ATM mi sì wọ inú rẹ̀ wọ́ọ́rọ́wọ́. Mo wò ó dáadáa: ojú ibi tí gọ́ọ̀mù ti so pákó pọ̀ ò là, ara pákó gan-an ló ya. Iṣẹ́ gọ́ọ̀mù ọkùnrin yìí ò ní àbùkù. Ohun tó ṣe tí kò dáa ni pé ó fi gọ́ọ̀mù àti ìṣó oníyíyí de ojú tábìlì mọ́ férémù yíká, ó dè é bí ẹni de ewúrẹ́. Igi fẹ́ sún kì, kò ráyè.

Ìgbà kẹrin tí mo pè é ló wá. Ó ní ọyẹ́ ló fà á. Mo ní, "Ọ̀gá, ọyẹ́ ni lóòótọ́, ṣùgbọ́n ọyẹ́ ò ṣẹ̀ṣẹ̀ dé Ìlọrin." Ó rẹ́rìn-ín, ó tú gbogbo rẹ̀. Ó họ gọ́ọ̀mù férémù kúrò, ó fa àwọn ihò ìṣó gùn sí ọ̀nà ìbú kí ìṣó lè máa rìn nínú rẹ̀, àwọn ti àárín nìkan ló dè pinpin. Ó po eruku ìrókò mọ́ gọ́ọ̀mù, ó fi dí ojú ibi tó là. Kò gba owó iṣẹ́. Ọyẹ́ kejì ti wá, ó ti lọ, kò sí ariwo kankan.

Pọ́líìṣì tó fi kùn ún ni mi ò fẹ́ràn rárá. Ó ń dán bí àga pálọ̀, ìkòkò ẹ̀wà kan ṣoṣo sì fi òrùka funfun sí i lójú. Mo fi sáńpépà họ gbogbo rẹ̀, mo fi òróró linseed, èyí tó máa ń gbẹ sára igi, pa á fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, mo nù ún, mo jẹ́ kó gbẹ fún ọjọ́ mélòó kan, mo sì fi ìda oyin lé e. Aládùúgbò mi ní òróró ẹ̀pà náà á ṣe é. Kì í gbẹ, ńṣe ni yóò máa rùn kíkan. Àkísà tó bá mu linseed, ẹ má ká a jọ sí igun ilé, ó lè gbóná fúnra rẹ̀ títí yóò fi gbiná. Sísá ni kí ẹ sá a síta.

Mo ní kí wọ́n má dí ihò ìṣó àtijọ́. Nígbà tí ìyá mi wá kí wa, wọ́n fọwọ́ ra àpá dúdú kan tó rí bí imú ọkọ̀ ojú omi, wọ́n ní, "Áyọ́ọ̀nù eléèédú nìyí. Èmi ni mo jó o, bàbá mi sì nà mí."

Ìràwọ̀ mẹ́rin nínú márùn-ún ni mo fún pákó àti gọ́ọ̀mù. Mo fún ìpè mi tí káfíńtà kò tètè dáhùn ní méjì. Pákó mẹ́ta ṣì ṣẹ́kù, mo sì fẹ́ kó fi ṣe bẹ́ǹṣì tí yóò bá tábìlì lọ. Mo ti sọ nípa ihò gígùn, ó ní òun ti gbọ́, pé oṣù tó ń bọ̀ lòun ń bọ̀. Oṣù tó kọjá náà, bó ṣe wí nìyẹn.