Pápá koríko oníke tí a háyà n'Íbàdàn: omi kún un, bàbá kan ló gbà wá

Ẹ̀yin tí ẹ ń wá pápá fún bọ́ọ̀lù ẹgbẹ́ ọmọ ilé ìwé àtijọ́, ẹ ka èyí tán kí ẹ tó sanwó. Mi ò ní dárúkọ pápá náà. Ẹ̀ẹ́ mọ irú rẹ̀: koríko oníke, àga aláràbarà lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, òpó iná mẹ́rin.

Àṣekágbá ìdíje wa la fẹ́ gbá lọ́jọ́ Sátidé náà, aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́. Òjò ńlá rọ̀ lọ́sàn-án. Nígbà tó dá, tí a dé pápá, omi ti dúró síwájú gólì tó wà lápá géètì, ó bo bàtà dé ojú okùn. Rẹfirí wa ju bọ́ọ̀lù sílẹ̀ níbẹ̀, bọ́ọ̀lù ò ta rárá. Ó ní òun ò lè fọn fèrè lórí irú nǹkan báyìí.

Mo gba ọ́fíìsì lọ. Ọmọbìnrin tó wà níbẹ̀ kí mi dáadáa: "Ẹ kú òjò o, sà." Mo ṣàlàyé. Ó ní, "Owó tí a bá ti gbà kì í padà, sà. Ó wà nínú ìwé tí ẹ fọwọ́ sí." Mo ní owó kọ́ ni mò ń bèèrè, kí wọ́n sún wa sí ọ̀la ni. Ó ní ẹlòmíì ti sanwó ọ̀la. Mo ní kó bá mi pe mánéjà. Ohun tí mánéjà sọ lórí fóònù rèé: "Ọ̀gá mi, òjò kì í ṣe ẹ̀bi wa o. Iṣẹ́ Ọlọ́run ni."

Inú bí mi gan-an. Ọlọ́run ló ń rọ òjò, àmọ́ omi tí kò bá ríbi lọ, ọwọ́ èèyàn ló wà. Òkúta wẹ́wẹ́ ni wọ́n máa ń kó sábẹ́ irú koríko yìí, wọ́n á lu ihò sẹ́yìn rẹ̀ kí omi lè gba ibẹ̀ lọ sínú gọ́tà. Torí rẹ̀ la ṣe ń san owó tó ju ti pápá oníyẹ̀pẹ̀ lọ.

Bí mo ṣe jáde ni mo rí bàbá kan lẹ́yìn gólì, ó ká ṣòkòtò dé orúnkún, ó ti ṣí ìdérí gọ́tà, ó ń fi ọ̀pá irin tú inú rẹ̀. Mo ní, "Ẹ kú iṣẹ́, bàbá." Ó ní, "Òo, ọmọ mi. Ẹ ṣe sùúrù díẹ̀ fún mi." Ọ̀rá píọ̀ wọ́tà, ike oúnjẹ, ewé máńgòrò, gbogbo rẹ̀ ló ń fà jáde. Nígbà tó yá, a gbọ́ tí omi hó lábẹ́ ilẹ̀. Àwọn gólíkípà wa méjèèjì gba ìgbálẹ̀, wọ́n ń ti omi síbẹ̀. Kí aago márùn-ún tó lù, ojú pápá ti yọ.

Bàbá ò dúró níbẹ̀. Ó gbá wóró rọ́bà dúdú tí wọ́n ń dà sáàárín koríko oníke padà sáyè rẹ̀, torí omi ti kó o jọ sí kọ́nà, ó tún bu òmíràn láti inú àpò sí ojú pẹ́náritì. Ó ní iwájú gólì àti ojú pẹ́náritì ni ẹsẹ̀ ń tẹ̀ jù, ibẹ̀ ni rọ́bà kọ́kọ́ ń tán. Bí a ò bá fi kún un, koríko á sùn, ẹsẹ̀ á máa gbá ilẹ̀ líle, orúnkún ni yóò jìyà rẹ̀. Bó bá jẹ́ ọjọ́ oòrùn, ó ní ká wọ́n omi sí i ká tó gbá bọ́ọ̀lù, torí ike máa ń gbóná ju koríko gidi lọ. Ó ti pẹ́ tó ti ń bẹ̀ wọ́n kí wọ́n ra agbọ̀n ìdalẹ̀nù sẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn àga. Ọ̀dà àga ni wọ́n rà dípò rẹ̀. Ìbàdàn tó ní pápá ìṣeré Liberty láti ọdún 1960, ìlú ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù 3SC (Shooting Stars) tó gba ife CAF lọ́dún 1992! Ó dùn mí.

Bọ́ọ̀lù náà dùn! Ilẹ̀ tẹ́jú, bọ́ọ̀lù ń ta bó ṣe yẹ, ẹnikẹ́ni ò fẹsẹ̀ ṣẹ́. Mo ti gbàgbé ìbínú mi kí ilẹ̀ tó ṣú, tí wọ́n wá ń béèrè owó dísù. Owó iná wà nínú risíìtì wa! Lẹ́yìn ìjà, wọ́n tan òpó mẹ́ta, ìkẹrin ti kú, wíńgì ọ̀tún wà lókùnkùn títí a fi parí. Ilé ìgbọ̀nsẹ̀ ò lómi.

Lọ́jọ́ Mọ́ńdè, ọmọbìnrin ọ́fíìsì yẹn pè mí fúnra rẹ̀, ó tọrọ àforíjì, ó sì dá ìdajì owó iná padà. Mi ò retí rẹ̀, mo sì dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Bí ẹ bá fẹ́ lo irú pápá bẹ́ẹ̀, ẹ kọ́kọ́ yẹ gọ́tà ẹ̀yìn gólì wò, kí ẹ ní kí wọ́n kọ owó iná sínú risíìtì, kí ẹ sì béèrè bóyá bàbá wà lẹ́nu iṣẹ́ lọ́jọ́ náà.

Ìràwọ̀ 4 nínú 5. A ti san àsansílẹ̀ fún ìdíje oṣù Kejìlá.